Ní Peckham, wáyà kékeré kan fẹ́ẹ́ dá Bàbá padà sídìí sìgá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkàwé wa kì í yé bi mí. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní London ń béèrè pé kí ni nǹkan kékeré onírin tí ọmọ àwọn máa ń fi sẹ́nu nínú fídíò, tí ooru funfun á wá bo gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn bàbá tó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe náà ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni àwọn dókítà òyìnbó ń sọ pé kí èèyàn fi nǹkan náà rọ́pò sìgá. Féèpù ni wọ́n ń pè é. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Peckham lóṣù kẹjọ ọdún 2024, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ibẹ̀ ni mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.

RYE LANE, ỌJÀ TÓ JỌ TIWA

Apá gúúsù London ni Peckham wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti London Bridge, tó sọ̀ ní Peckham Rye, inú ọjà ló máa já sí. Òpópónà Rye Lane nìyẹn. Kò ní rìn jìnnà tó fi máa gbọ́ Yorùbá. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti èlùbọ́ inú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ óò rí àwọn tó ń dirun, àwọn tó ń ta ànkárá, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókè ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní mọ̀ bóyá Mushin lẹ wà.

Tí ẹ bá rìn dé ìparí òpópónà náà lápá òkè, ẹ óò rí ilé ìkàwé Peckham tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000. Ìdajì òkè ilé náà yọ síwájú, wọ́n sì fi àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e dúró, kí àwọn èèyàn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n máa ń fún àwọn tó yàwòrán ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé náà ló gbà á lọ́dún yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń kàwé.

Láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni àwọn tó ń ta féèpù wà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìtajà súìtì ni. Wọ́n to àwọn nǹkan kékeré aláwọ̀ mèremère sójú gíláàsì: ti mángòrò, ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ti bàrà. Èyí tí wọ́n máa ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á jù nù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ti fòfin de títa irú èyí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, torí pé àwọn ọmọdé ń rà á, àti pé wọ́n ń da bátìrì inú rẹ̀ káàkiri ìgboro. Èyí tí wọ́n ń gba iná sí, tí wọ́n sì ń rọ omi sí, òun ló ṣì wà lórí àtẹ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta féèpù tó ní nikotíìnì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní England.

BÀBÁ ÀTI PÁÀKÌ SÌGÁ TÍ WỌN Ò TÍÌ TÚ

Bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé pẹ̀lú wọn. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n, wọ́n sì ti ń mu sìgá láti bíi ọmọ ọdún 20. Ikọ́ wọn ti di ohun tí gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí n tó dé ni dókítà bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tó le, tí wọ́n sì gbà láti fi féèpù rọ́pò sìgá. Ikọ́ náà dín kù. Wọ́n ń gun àkàsọ̀ ilé láì dúró mí láàárín. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn.

Ọmọ ọmọ Bàbá, tó jẹ́ ẹni ọdún 24, ló ń bá wọn tọ́jú féèpù náà. Kì í ra èyí tí wọ́n ti ṣe parí. Ó máa ń ra wáyà tó wà lára kẹ̀kẹ́ òwú kékeré, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká a, torí pé owó tó máa ra kọ́ìlì ẹyọ kan lè ra wáyà tó máa tó o ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Nọ́ọ̀sì,” ni wọ́n wí, “nǹkan yìí ń ta mí lọ́fun bíi ẹní sun ata sínú iná. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń húkọ́. Sìgá tí ẹ ní kì í ṣe nǹkan dáadáa, kò ṣe mí báyìí rí.”

Wọ́n wá na ọwọ́ sí orí rédíò. Páàkì sìgá kan wà níbẹ̀, tuntun, wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. Mo mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ti fi sìgá sílẹ̀ lóṣù mẹ́jọ, tí ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ń pa á lára, kò ní pẹ́ tó fi máa padà síbi tó ti wá.

Kí n tó sọ ohun tó ń ta Bàbá lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n tú páàkì yẹn. Ewé ni sìgá, iná la sì ń tì í bọ̀. Ohunkóhun tó bá jóná báyẹn á mú ọ̀dà jáde, á sì mú carbon monoxide jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ọ̀dà yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, tó ń fa jẹjẹrẹ. Féèpù kì í jó ewé. Bátìrì ló ń mú wáyà gbóná, wáyà á mú omi gbóná, omi á di ooru, èèyàn á fà á sínú. Apòògùn kan nílẹ̀ Ṣáínà tó ń jẹ́ Hon Lik, tó ń mu sìgá fúnra rẹ̀, ló ṣe irú èyí tí ayé ń lò lónìí jáde lọ́dún 2003. Nígbà tó di ọdún 2015, àjọ tó ń rí sí ìlera aráàlú ní England sọ pé ewu rẹ̀ fi ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti sìgá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: wọ́n ní ó dín, wọn ò ní kò sí. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní ohunkóhun í wá nídìí rẹ̀.

OHUN TÍ ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ KAN FI HÀN WÁ

Lọ́jọ́ kejì, èmi, Bàbá àti ọmọ ọmọ wọn gbé féèpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó yà kúrò ní Rye Lane. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bó ṣe rí Bàbá ló ti dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn ìgò omi féèpù tó tò sílẹ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe nílé kó tó sọdá síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlàyé rẹ̀ fi yé mi.

Ó ṣí orí féèpù náà, ó fa òwú inú rẹ̀ yọ. Apá kan òwú náà dúdú bíi èédú, ìyókù sì funfun. Ó fi han Bàbá.

“Bàbá, ohun tó ń ta yín lọ́fun nìyí. Òwú tó jóná lẹ ń fà.”

Ó pa iná ṣọ́ọ̀bù, ó wá tẹ bọ́tìnnì féèpù náà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú òkùnkùn yẹn, gbogbo wa ló rí i. Wáyà tí wọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ náà kò pọ́n pa pọ̀. Ìká kan ṣoṣo láàárín pọ́n rokoṣo, àwọn yòókù dúdú síbẹ̀. Hot spot ni wọ́n ń pe irú ojú kan tó ń gbóná ṣáájú báyìí.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì,” ló wí, “ẹ rántí sítóòfù oníná wa nílé, èyí tí wáyà rẹ̀ wà nínú kòtò amọ̀. Tí wáyà yẹn bá já, tí a fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ara wọn, ibo ló kọ́kọ́ máa ń pọ́n?”

Mo ní ibi tí a so ni. Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ náà ló sì tún máa ń já.

“Bẹ́ẹ̀ náà lèyí rí,” ló fèsì. “Iná kì í fẹ́ ibi tó há. Ibi tó bá ti há fún un ló ti máa ń fi ooru jà.”

ÌDÍ TÍ OJÚ KAN FI Ń PỌ́N ṢÁÁJÚ

Ọmọ Ìjẹ̀bú náà to ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ọmọ tó ń ká wáyà yìí.

Èkíní, bí wáyà náà ṣe rí. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni Kanthal, tí wọ́n fi irin, kúrómíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pò pọ̀. Tó bá gbóná, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sára wáyà, iná kì í sì í gba ara awọ yẹn kọjá. Torí ẹ̀ ni ìká wáyà fi lè fara kan ara wọn láì ṣe nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, awọ náà kò tíì sí. Iná á máa fò láti orí ìká kan sí òmíràn, á gba ọ̀nà tó kúrú, á sì kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sójú kan.

Èkejì, bí wọ́n ṣe ká a. Tí ìká kan bá gun orí òmíràn, tàbí tí àwọn kan sún mọ́ra tí àwọn kan jìnnà, ibi tó fún pọ̀ á máa mú ara rẹ̀ gbóná.

Ẹ̀kẹta, ọgbẹ́ ara wáyà. Tí ẹ̀mú onírin bá ti ha á, ojú ọgbẹ́ yẹn á tín-ín-rín ju ibòmíràn lọ, á sì kọ́kọ́ pọ́n.

Ẹ̀kẹrin, síkúrù tó dẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni wáyà náà ní, síkúrù ló sì ń di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Tí ọ̀kan bá dẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò máa gbóná dípò ikùn. Tí ẹsẹ̀ bá gùn jù náà, á máa pọ́n, nítorí òwú kò sí níbẹ̀ láti tù ú.

Ẹ̀karùn-ún, ìdọ̀tí. Àwọn omi aládùn máa ń jó mọ́ wáyà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Ibi tí èyí bá dì sí, omi kò ní lè tù ú mọ́.

Ohun méjì ló ń ṣe ti Bàbá: ìká méjì láàárín gun ara wọn, síkúrù apá òsì sì dẹ̀.

BÓ ṢE TÚN UN ṢE

Ó kọ́kọ́ yọ òwú kúrò pátápátá. Wọn kì í tan iná sí wáyà tí òwú gbígbẹ wà nínú rẹ̀, torí jíjó ló máa jó. Ó fi sukudiráfà kékeré di síkúrù méjèèjì, ó rọra ṣe é kó má bàa gé wáyà. Ó wá fi ẹ̀rọ kan wọn bí wáyà náà ṣe ń dènà iná tó. Óòmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wáyà Kanthal oní-26 tí wọ́n bá ká lẹ́ẹ̀meje yí irin tó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta ká, bíi óòmù kan ló máa ń jẹ́. Tí nọ́ńbà náà bá ń fò sókè sódò bí wọ́n ṣe ń wò ó, síkúrù ò tíì dì, tàbí kí wáyà ti fara kan irin ibòmíràn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan irú èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó dín agbára rẹ̀ kù sí wáàtì 15, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó sì jáwọ́. Ó dúró kí pípọ́n náà kú. Ó mú ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ tánganran, ó rọra fi ẹnu rẹ̀ ha orí àwọn ìká náà láti òpin kan dé òpin kejì, bí ẹni ń ta okùn gòjé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó jáwọ́, ó fi ẹ̀mú náà fún ìká wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì gbóná. Ìdí tó fi jẹ́ tánganran ni pé iná kì í gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi ẹ̀mú onírin kàn án nígbà tí iná ń lọ nínú rẹ̀ lè ba féèpù náà jẹ́, ó sì lè jó ara rẹ̀ níná.

Ó ṣe báyìí bí ìgbà mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú pípọ́n náà sún sí ọ̀tún. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìká mẹ́ta ló pọ́n pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó sì tàn dé etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí oòrùn tó ń yọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní tí èèyàn bá ti ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá tí ojú kan ṣì ń pọ́n ṣáájú, kó tú u dà nù kó ká òmíràn. Wáyà kò wọ́n tó ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì méjì ni wọ́n dè síbẹ̀, tí ọ̀kan sì ń pọ́n ju èkejì lọ, kó wò ó bóyá iye ìká wọn àti gígùn ẹsẹ̀ wọn bára mu.

Ó fi òwú tuntun sí i. Òwú náà kò gbọ́dọ̀ há jù, torí omi kò ní rí àyè gbà, kò sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù, torí á fi ibì kan sílẹ̀ láì fara kàn án. Ó rọ omi sí i títí ó fi rin gbindin, ó wá ní kí Bàbá dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó fà á. Bàbá ò fẹ́ dúró, àmọ́ wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n fà á, wọn ò húkọ́.

“Ó ti rọ̀,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

OHUN TÍ NỌ́Ọ̀SÌ Ń RÍ NÍBẸ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn lásán ni mo ń sọ. Gílísíríìnì wà nínú omi féèpù. Tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tí omi ò sì tó lára wáyà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀kan nínú ohun tó ń di ni acrolein. Ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ rí: òórùn tó máa ń ta wá lójú àti ní imú nígbà tí òróró àkàrà bá jóná lórí iná nìyẹn. Òmíràn ni formaldehyde, irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Nínú féèpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́. Ojú kan tó ń pọ́n lórí òwú gbígbẹ ló ń sọ wọ́n di púpọ̀. Torí náà, tí féèpù bá ń ta ọ̀fun, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ara ló ń kìlọ̀. Kí onítọ̀hún gbé e sílẹ̀ kó tó tún fà á.

Ọ̀rọ̀ irú wáyà tún wà níbẹ̀. Gbogbo èyí tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ṣe, Kanthal ló lè gbà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú wáyà níkẹ́lì tàbí títáníọ̀mù pọ́n láìsí omi, torí ohun tó ń jáde lára wọn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tí ọmọ yín kò bá mọ irú wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tan iná sí i.

Bátìrì ló tún bà mí lẹ́rù ju wáyà lọ. Èyí tó wà nínú féèpù Bàbá ni wọ́n ń pè ní 18650, torí ó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì gùn tó mìlímítà 65. Tó bá kún, fóòtì 4.2 ló ń jẹ́. Tí a bá pín in sí óòmù kan, ańpíà 4.2 ló máa jáde, bátìrì náà sì lè gbé ìyẹn láì làágùn. Àmọ́ àwọn ọmọdékùnrin kan máa ń ká wáyà wọn débi tó fi ń jẹ́ óòmù 0.1, kí ooru lè pọ̀. Ìyẹn á béèrè ańpíà 42, ọ̀pọ̀ bátìrì 18650 ni kò lè gbé e. Á gbóná, ó sì lè bú gbàmù. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí aṣọ ara rẹ̀ bá ti ya, tàbí tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti owó onírin nínú àpò ṣòkòtò.

Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara kúrò, kí ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn rọra dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi epo, ọṣẹ ìfọyín tàbí omi dídì sí i.

ÌGÒ TÓ WÀ NÍNÚ FÍRÍÌJÌ

Ohun kan tún wà tí mo rí nílé ẹ̀gbọ́n mi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgò omi féèpù wà nínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sàn olómi tí ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún 13, máa ń mu. Òórùn mángòrò ló ń jáde lára rẹ̀. Láti ọdún 2017, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ìgò omi tó ní nikotíìnì ju mìlílítà 10 lọ, tàbí kí nikotíìnì inú rẹ̀ ju mìlígíráàmù 20 lọ nínú mìlílítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgò kékeré yẹn lè ní mìlígíráàmù 200 nínú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó ṣe ọmọdé ní jàǹbá.

Ọmọ tó bá mu ún lè máa bì, kó máa da itọ́, kó máa làágùn, kó máa gbọ̀n, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, gìrì sì lè mú un. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Tó bá dà sí ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìgò náà lọ sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, àti wáyà, àti bátìrì pẹ̀lú.

Fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò mu sìgá rí tó wá ń fa féèpù, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ pé ó sàn ju sìgá lọ tàn yín. Nikotíìnì máa ń di bárakú kíákíá lára ọmọdé, torí ọpọlọ wọn ṣì ń dàgbà. Ó ń mú ọkàn sáré, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Kí wọ́n má sì ra omi lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Lọ́dún 2019, àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tó ń fa féèpù. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020, àwọn 2,807 ni ìjọba ibẹ̀ ti kà tó dèrò ilé ìwòsàn tàbí tó kú, 68 nínú wọn ló sì kú. Èròjà kan tó ń jẹ́ vitamin E acetate, tí wọ́n pò mọ́ omi tó ní èròjà igbó nínú, ni wọ́n rí lára ọ̀pọ̀ wọn. Ọjà ẹ̀bùrú ni ọ̀pọ̀ wọn ti rà á.

Fún ẹ̀yin àgbà tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Ẹ sọ fún un tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn. Bẹ́tà sì ni kí ẹ ra kọ́ìlì tí wọ́n ti ṣe láti ilé-iṣẹ́ ju kí ẹ máa ká wáyà fúnra yín lọ, bí ojú yín kò bá ríran dáadáa tàbí tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n. Ẹ má fa féèpù àti sìgá pọ̀, torí èrè rẹ̀ kò ní hàn. Kí ẹ sì máa dín nikotíìnì inú omi náà kù díẹ̀díẹ̀. Mìlígíráàmù 12 ni Bàbá ń lò nígbà tí mo débẹ̀. Kí n tó kúrò, wọ́n ti gbà láti bọ́ sí mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tó wá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹní bá ń sọ ẹrù kalẹ̀ kì í jù ú lulẹ̀.

Ní ti páàkì sìgá orí rédíò, Bàbá fúnra wọn ló gbé e fún ọmọ ọmọ wọn pé kó lọ jù ú nù. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Tí ọmọ yín bá pè láti London lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ sì rí ooru funfun lẹ́nu rẹ̀, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé o ti mu sìgá rí kó tó di èyí? Ta ló ń ká wáyà rẹ, ṣé ó sì máa ń wò ó bóyá ó pọ́n dọ́gba kó tó fi òwú sí i? Níbo lo ń gbé bátìrì àti ìgò omi rẹ sí? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá ẹ̀rù ló yẹ kó bà yín tàbí ìmọ̀ràn ló yẹ kí ẹ gbà á.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín.